Kí Àsìkò Má Kọjá: Ìwúre fún Iṣan Tó Já

Olódùmarè, Ẹlẹ́dàá ọwọ́, Ẹlẹ́dàá ẹsẹ̀, Ìwọ tó fi iṣan la ọ̀nà láti ọpọlọ dé orí ìka, mo dúró níwájú Rẹ nítorí àwọn tí ọ̀nà yẹn gé mọ́ lára. Mo dúró nítorí àwọn tí apá wọn rọ, tí ẹsẹ̀ wọn ń wọ́ nílẹ̀, tí ọwọ́ wọn kan ìkòkò gbígbóná tí wọn kò mọ̀ títí awọ fi bó. Ìwòsàn pọ̀ lọ́dọ̀ Rẹ, O sì ti fi púpọ̀ nínú rẹ̀ sí ọwọ́ àwọn ọmọ ènìyàn. Ohun tí mo wá tọrọ fún wọn lónìí ni àsìkò. Fún wọn ní àsìkò, kó tó wọn lò, kó má sì kọjá lórí wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ bá mi ṣe àṣẹ, nítorí kò sí àdúgbò wa tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò sí.

Mo kọ́kọ́ wúre fún ọmọkùnrin tó gun ọ̀kadà jáde nílé láàárọ̀, tí mọ́tò gbá ní ìkòríta, tó fi èjìká gúnlẹ̀. Eegun lè má dá. Ẹ̀jẹ̀ lè má pọ̀. Àwọn ará àdúgbò á máa kí i pé ó kú ewu, orí ló kó o yọ. Ọjọ́ kejì ni yóò fẹ́ bọ́jú, tí apá ọ̀tún kò ní dá a lóhùn. Nígbà tí èjìká lọ sísàlẹ̀, tí orí sì fà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, gbòǹgbò iṣan márùn-ún tó ti ọrùn wá, tó gba ẹ̀yìn eegun èjìká iwájú wọ inú apá, nà kọjá ibi tó yẹ. Òmíràn kàn nà. Òmíràn já. Òmíràn fà tu pátápátá kúrò lára mùdùnmúdùn tó wà nínú eegun ẹ̀yìn.

Ìwọ ọmọkùnrin yìí, orí rẹ kò ní fi ọ́ lé ọwọ́ ẹni tí yóò máa sọ fún ọ pé “rọra máa ṣe, yóò padà fúnra rẹ̀” títí ọdún méjì yóò fi kọjá. Ẹsẹ̀ rẹ yóò ko ẹni tó mọ iṣẹ́ títún iṣan ṣe lọ́nà. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ọ yóò mọ ẹni tó yẹ kó rí ọ tẹ̀ lé e, kò sì ní fi ìtìjú tàbí ìgbéraga dá ọ dúró sọ́dọ̀ ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí mo fi ń tọrọ àsìkò ju gbogbo nǹkan lọ. Lọ́dún 1850, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Augustus Waller, gé iṣan tó lọ sí ahọ́n àkèré, ó sì ń ṣọ́ ohun tó máa tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ó rí i pé apá ìsàlẹ̀, èyí tó ti gé kúrò lára orísun rẹ̀, ń jẹrà díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ṣì so mọ́ òkè wà láàyè. Iṣan tó já kì í jinná bí awọ ara, tí ojú ọgbẹ́ méjèèjì á kàn lẹ̀ mọ́ra. Láti òkè ni yóò ti tún rú, tí yóò máa tá sísàlẹ̀, bí ìtàkùn iṣu ṣe ń wá igi tí àgbẹ̀ rì sí ẹ̀gbẹ́ ebè. Bó bá rí igi, yóò gùn ún. Bí kò bá rí i, yóò máa lọ́ mọ́ra rẹ̀ lójú kan náà títí yóò fi di ìdì. Nínú ara ènìyàn, ìdì yẹn ni kókó kékeré kan tó jẹ́ pé bí aṣọ bá kàn án lásán, olúwarẹ̀ á fò sókè fún ìrora.

Ìrìn iṣan yìí kò yá. Lára àgbàlagbà, nǹkan bíi mìlímítà kan ló ń rìn lójúmọ́, ìyẹn bí ínǹṣì kan lóṣù. Ẹni tí tirẹ̀ já ní ìgbọ̀nwọ́, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kó tó dé àtẹ́lẹwọ́. Ẹni tí tirẹ̀ já ní ọrùn, ó lè tó ọdún méjì kó tó dé ìka. Bẹ́ẹ̀, ẹran apá tó ń dúró dè é kò ní sùúrù tó báyẹn. Bí ọdún kan sí ọdún kan àbọ̀ bá kọjá tí kò gbọ́ ìròyìn kankan láti ọpọlọ, yóò ti gbẹ, ọ̀rá àti àpá yóò ti gba ipò rẹ̀. Bí iṣan bá wá dé lẹ́yìn ìgbà náà, kò ní bá ẹnikẹ́ni nílé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń wúre pé: ìwọ iṣan, mìlímítà tó o bá rìn lónìí, o kò ní dá a padà lọ́la. Oṣù kò ní yẹ̀ lórí rẹ lásán. Ẹran apá rẹ yóò dúró dè ọ́, bó ti wù kí ọ̀nà jìn tó, wàá bá a níbẹ̀. Ọjọ́ tí ìrú tuntun bá kanlẹ̀kùn, ilẹ̀kùn yóò ṣí.

Olódùmarè, fún wa ní ojú tí a fi ń mọ ọgbẹ́ yàtọ̀ sí ọgbẹ́. Lọ́dún 1943, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì ń lọ lọ́wọ́, Herbert Seddon ní Oxford pín ìpalára iṣan sí ọ̀nà mẹ́ta, ìpín náà sì wúlò títí dòní. Àkọ́kọ́ ni iṣan tí nǹkan tẹ̀ tó kàn dákú: ẹni tó sùn lé apá mọ́jú, ẹni tí ọ̀pá ìtìlẹ̀ há mọ́ abíyá. Èyí a máa jí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù díẹ̀. Èkejì ni èyí tí fọ́nrán inú rẹ̀ já ṣùgbọ́n tí ìbora rẹ̀ kò ya. Ọ̀nà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, yóò sì rìn ín fúnra rẹ̀ bí a bá fún un láyè. Ìkẹta ni èyí tó já pátápátá. Ìyẹn kò ní padà láìsí iṣẹ́ abẹ. Kí ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ àkọ́kọ́ má bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò fi abẹ kàn án láìnídìí. Kí ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ìkẹta má bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí yóò máa ní kó ṣe sùúrù.

Mo wúre fún ẹni tí gíláàsì fèrèsé gé ní ọrùn ọwọ́, àti ẹni tí àdá ṣá lóko. Kí ẹni tó fẹ́ rán ojú ọgbẹ́ náà má yára ju bó ṣe yẹ. Kí ó kọ́kọ́ fi òwú tútù kan orí ìka kọ̀ọ̀kan, kí ó bèèrè pé, “Ṣé o mọ̀ ọ́n lára?” Kí ó ní kí ó na àtàǹpàkò, kí ó ya ìka sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìbéèrè yẹn kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ì bá sì ti yè bí wọ́n bá ti bèèrè rẹ̀. Ọgbẹ́ tó gé gérégé bí èyí, tó mọ́, láàárín ọjọ́ mélòó kan ló yẹ kí wọ́n ti so iṣan rẹ̀. Awọ tó jinná lókè kò ní tàn wá jẹ mọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ kò ní gba iṣẹ́ ọwọ́ lọ́wọ́ aránṣọ kankan mọ́, kò ní gbà á lọ́wọ́ onídìrí, kò ní gbà á lọ́wọ́ mẹkáníìkì.

Ní ti ìpalára tí awọ kò ya, tí a kò rí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, dídúró díẹ̀ dára, ṣùgbọ́n dídúró pẹ̀lú ojú ṣíṣí ni. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n lè fi ẹ̀rọ iná yẹ iṣan àti ẹran wò kí wọ́n mọ èyí tó kú àti èyí tó kàn ń sùn. Lọ́dún 1915, nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, Jules Tinel ní ilẹ̀ Faransé kọ̀wé nípa ohun kan tí dókítà lè fi ìka lásán ṣe: kí ó máa lu ojú ọ̀nà iṣan náà jẹ́jẹ́ láti ìsàlẹ̀ lọ sókè. Níbi tí ìrú tuntun bá dé, ara aláìsàn yóò ta wìnnìwìnnì lọ sí ìka. Wọn á fi bírò sàmì sí i, wọn á kọ ọjọ́ sí ìwé. Oṣù tó ń bọ̀, wọn á tún lù ú.

Ibi tó ta ọ́ lóṣù yìí, lóṣù tó ń bọ̀ yóò ti sún sísàlẹ̀. Àmì tí wọ́n fi bírò fà kò ní dúró lójú kan. Bí oṣù mẹ́ta bá sì pé tí kò sún, tí ẹran kankan kò tíì mira, kí ọkàn rẹ má rẹ̀wẹ̀sì, kí ẹsẹ̀ dókítà rẹ má sì wúwo: ìgbà tó yẹ kí wọ́n la ibẹ̀ wò ti tó.

Mo wá wọ tíátà pẹ̀lú ìwúre. Mo wúre fún obìnrin tàbí ọkùnrin tó jókòó síwájú maikirosíkópù, tó gbé ìgbọ̀nwọ́ méjèèjì lé ibi tí kò ní mì. Òwú tó mú lọ́wọ́ tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bó bá bọ́ sílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní rí i mọ́. Ó ti gé orí iṣan tó ti di àpá kúrò, ó ń gé e wẹ́wẹ́ títí ó fi kan ibi tó yè, níbi tí àwọn ìdì fọ́nrán kéékèèké ti yọjú jáde tí wọ́n ń dán. Ó ń wo òpó ẹ̀jẹ̀ tó wà lójú ìbora iṣan lókè, ó ń wá ẹnì kejì rẹ̀ nísàlẹ̀, kí ó lè mọ̀ pé ojú ń wo ojú, pé fọ́nrán tó ń lọ sí ẹran kò ní bọ́ sí ọ̀nà tó lọ sí awọ. Ìbora nìkan ló ń rán. Kò gbọdọ̀ fà á le, nítorí iṣan tó bá le koko kì í rí ẹ̀jẹ̀ mu.

Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n. Ojú rẹ kò ní ṣú. Ẹ̀yìn kò ní ro ọ́ débi tí wàá fi kánjú. Iná kò ní lọ. Bí iná bá sì lọ, jẹnẹrétọ̀ yóò gbé e kí òwú tó jábọ́. Maikirosíkópù tí ìjọba rà kò ní dojú bolẹ̀ sí igun yàrá lábẹ́ aṣọ nítorí gílóòbù kan tó jó. Òwú kò ní tán ní ọjà ní ọjọ́ tí wọ́n nílò rẹ̀. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ yóò kọ́ ọ yanjú, kò ní sá lọ sókè òkun nítorí owó oṣù tí wọn kò san. Bó bá sì lọ, yóò rántí padà wá kọ́ ẹlòmíràn.

Nígbà mìíràn, ojú iṣan méjèèjì á jìnnà síra. Láyé àtijọ́, wọ́n á fi ipá fà wọ́n pọ̀, wọ́n á ká ìgbọ̀nwọ́ tàbí orúnkún kí wọ́n lè kan ara wọn, iṣan náà á sì sábà kú lẹ́yìn gbogbo wàhálà. Hanno Millesi ní ìlú Vienna ló fi hàn ní àwọn ọdún 1970 pé ó sàn kí a fi iṣan mìíràn dí àlàfo náà láìfa ohunkóhun. Ẹ̀yìn kókósẹ̀ lóde ni wọ́n ti sábà máa ń mú un, láti ara iṣan kan tó gba ẹ̀yìn ojúgun sọ̀kalẹ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ yóò san ni pé etí rẹ̀ lóde yóò kú, aláìsàn kò ní mọ̀ ọ́n lára mọ́ bí èèrà bá gun ibẹ̀. Yóò máa rìn, yóò máa sáré. Fọ́nrán tó wà nínú iṣan tí wọ́n mú wá yóò jẹrà bí ti èyí tó já, ìbora àti ọ̀nà inú rẹ̀ ni yóò kù, ìrú tuntun yóò sì gbà á kọjá. Igi ni wọ́n rì, ìtàkùn yóò gùn ún. Fún àlàfo kékeré, wọ́n ní ọ̀pá ihò tí wọ́n ṣe lọ́nà ẹ̀rọ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń lo iṣan tí àwọn olóògbé fi sílẹ̀, tí wọ́n ti fọ̀ mọ́. Àwọn wọ̀nyí wọ́n gan-an, ti ẹsẹ̀ ẹni kò sì gba owó mìíràn.

Bí ẹsẹ̀ rẹ ti yọ̀ǹda iṣan fún ọwọ́ rẹ láìjiyàn, bẹ́ẹ̀ ni ará rẹ yóò máa yọ̀ǹda fún ọ. Ẹnì kan nínú ilé rẹ yóò máa gbé ọ lọ, ẹnì kan yóò máa gbé ọ bọ̀. Wọn kò ní ka iye ìgbà.

Èyí tó wù mí jù láti fi wúre ni iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ń ṣe nígbà tí gbòǹgbò iṣan ti fà tu láti inú ọrùn. Kò sí orí tí wọn yóò rán mọ́ ìdí, òkè ti ṣófo. Àwọn dókítà wá wo ẹ̀gbẹ́. Ní Shanghai, lọ́dún 1986, Gu Yudong lọ yá iṣan láti apá ọrùn kejì, apá tó yè, ó gbé e kọjá sí apá tó kú. Ní Paris, lọ́dún 1994, Christophe Oberlin àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú ìdì kékeré kan nínú iṣan tó ń lọ sí àtẹ́lẹwọ́, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀ka tó lọ sí ẹran tí a fi ń ká ìgbọ̀nwọ́. Àtẹ́lẹwọ́ kò mọ̀ pé wọ́n mú nǹkan. Ọ̀nà tí ìrú náà yóò rìn kò ju sẹ̀ǹtímítà díẹ̀ lọ, nítorí náà, oṣù ni wọ́n ń kà, kì í ṣe ọdún. Iṣan tí a fi ń sọ èjìká sókè, wọ́n ń gbé e fún ẹran tó ń gbé apá. Iṣan tó wà láàárín eegun ìhà, èyí tó ń bá wa mí, wọ́n ń gbé òun náà fún apá.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà, ọpọlọ kò tíì mọ̀ pé ilé ti yí padà. Ìdí nìyí tí yàrá onífísíò fi máa ń yà mí lẹ́nu. Ọkùnrin kan jókòó lórí bẹ́ǹṣì, apá rẹ̀ wà lórí tábìlì. Onífísíò kò sọ fún un pé kó ká ìgbọ̀nwọ́. Ó ní, “Di ẹ̀ṣẹ́.” Ó di ẹ̀ṣẹ́, ẹran apá lókè sì ta pọ́ńkán lábẹ́ awọ. Ẹlòmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ pé iṣan ìhà ni wọ́n fún un. Ohun tí wọ́n sọ fún òun ni pé, “Mí kanlẹ̀.” Ó fa èémí, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì gbéra. Bí wọ́n bá ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ọpọlọ á kọ́ ọ, ọjọ́ kan á sì wà tí yóò kan rò ó lọ́kàn pé kí apá ká, apá á ká, láìdi ẹ̀ṣẹ́, láìfa èémí.

Ẹ̀ṣẹ́ tó o bá dì, ìgbọ̀nwọ́ rẹ yóò jẹ́ ẹ. Èémí tó o bá fà, apá rẹ yóò gbọ́. Ọwọ́ rẹ yóò tún mú òkèlè dé ẹnu rẹ. Ìwọ yóò fi ọwọ́ méjèèjì gba ọmọ. Ìwọ yóò fi ọwọ́ méjèèjì gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ àgbà. Ìwọ yóò so bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ fúnra rẹ. Ọjọ́ tí kò bá sí ìyípadà tí ojú rí, onífísíò rẹ kò ní sú ọ, ìwọ náà kò ní sú u.

Olódùmarè, má gbàgbé àwọn tó ti pẹ́. Àwọn kan ń ka èyí tí ọdún mẹ́ta, ọdún márùn-ún ti kọjá lórí wọn. Iṣan kò lè jí ẹran tó ti gbẹ mọ́, òótọ́ ni, mi ò ní fi ìwúre pa irọ́ fún wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kò tán. Ní ìparí àwọn ọdún 1940, ní Vellore ní ilẹ̀ Íńdíà, Paul Brand bẹ̀rẹ̀ sí í mú okùn ẹran tó ṣì ń ṣiṣẹ́, ó ń yí i lọ sí ibi tí ẹ̀tẹ̀ ti pa iṣan, ọwọ́ tó ti ká bí èékánná àṣá sì tún ń là. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ṣubú, wọ́n lè yí okùn ẹran mẹ́ta láti inú apá wá sí ẹ̀yìn ọwọ́, kí ọrùn ọwọ́, àtàǹpàkò àti ìka lè gbéra. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wọ́, wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún òun náà. Wọ́n tilẹ̀ lè mú ẹran tín-ín-rín kan láti inú itan, tòun ti òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ àti iṣan rẹ̀, kí wọ́n gbìn ín sí apá kó wá máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ẹ̀yin tó ti pẹ́, ẹ kò ní pàdánù ohun tó kù nítorí ohun tó lọ. Ẹnikẹ́ni kò ní lé yín padà lẹ́nu ọ̀nà ọsibítù pé kí ló pa yín mọ́ títí di ìsinsìnyí.

Mo wúre fún ọmọ tuntun tí èjìká rẹ̀ há nígbà ìbí, tí apá rẹ̀ kan rọ nínú ìbora. Ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni apá wọn máa ń padà fúnra rẹ̀. Ìyá ọmọ, kó rí bẹ́ẹ̀ fún ọ. Bó bá sì pé oṣù mẹ́ta tí ọmọ kò tíì lè ká ìgbọ̀nwọ́ láti mú ọwọ́ lọ sẹ́nu, kí orí ọmọ gbé ọ dé ọ̀dọ̀ dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi èpè tàbí àjẹ́ dá ọ dúró.

Mo wúre fún ọmọ tí ibà mú, tí wọ́n gbé lọ sí kẹ́mísì, tí wọ́n gún lábẹ́rẹ́ ní ìdí, tó jí lọ́jọ́ kejì tó ń fa ẹsẹ̀ kan. Iṣan tó tóbi jù lọ nínú ara ló gba ìdí kọjá, ìdí ọmọdé sì kéré. Ẹ̀yin tí ẹ ń gún ọmọ lábẹ́rẹ́, mo bẹ̀ yín nínú ìwúre yìí: iwájú itan níhà òde ni ti ìkókó, ibà tí ọmọ sì lè gbé oògùn rẹ̀ mì kì í ṣe ti abẹ́rẹ́. Ọwọ́ yín yóò máa wo ọmọ sàn, kò ní sọ wọ́n di arọ.

Ẹ̀yin bàbá wa ateegun, mo wúre fún yín tọkàntọkàn, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ẹ̀yin ni wọ́n kọ́kọ́ ń bá. Igi tí ẹ bá fi di apá kò ní le jù. Bí ìka bá tutù, bó bá wú, bí aláìsàn bá ní òun kò mọ̀ ọ́n lára mọ́, kí Olódùmarè fún yín ní ọkàn láti tú u lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ní kí wọ́n máa gbé e lọ sí ọsibítù. Ìyẹn kò ní bà yín lórúkọ jẹ́. Àwọn tí ẹ bá gbà là lọ́nà yìí ni yóò máa ròyìn yín.

Mo wúre fún ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì l'Ékòó, tó bẹ̀rẹ̀ nígbà Ogun Àgbáyé Kejì fún ìtọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́. Mo wúre fún ilé ìwòsàn UCH n'Íbàdàn, tó ti wà láti ọdún 1957, àti fún gbogbo ilé ìwòsàn olùkọ́ni tó kù nílẹ̀ wa. Kí ibùsùn wọn tó. Kí ìlà àwọn tó ń dúró fún iṣẹ́ abẹ kúrú. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà lókè òkun, tí ẹ ń fi owó ránṣẹ́ sílé, kò ní wọ́n yín. Nígbà tí wọ́n bá pè yín pé apá àbúrò yín rọ, ẹ bèèrè oṣù tó ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó bèèrè iye owó.

Títí iṣan yóò fi dé, ewu yóò jìnnà sí awọ tó kú. Iná kò ní jó ọ láìmọ̀, ìṣó kò ní gún ọ láìmọ̀. Wàá rántí fi ọwọ́ tó yè tọ́ omi wò kó o tó wẹ̀. Wàá máa wọ bàtà, wàá sì máa yẹ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wò lálaalẹ́. Ìrora tó ń jó bí ata ní òru yóò rọlẹ̀, wàá sùn, wàá jí ire.

Bí mo ti wí yìí, kó ṣẹ. Kó ṣẹ lára oníṣẹ́ ọwọ́, kó ṣẹ lára àgbẹ̀, kó ṣẹ lára ọmọ ilé ìwé. Àṣẹ.

Ìwọ tó kà á dé ibí, bí apá tàbí ẹsẹ̀ ẹnì kan nílé rẹ bá rọ lẹ́yìn ìjàǹbá, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tàbí lẹ́yìn ìbímọ, ka oṣù tó ti kọjá láti ọjọ́ náà. Bó bá jẹ́ ohun mímú ló gé e, ọjọ́ kan kò yẹ kó lọ lórí rẹ̀. Bí awọ kò bá ya, ẹ lọ kí oṣù mẹ́ta tó pé. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ ṣì lọ. Ẹ gba ìwé lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ iṣan, kí ẹ sì gbéra lọ́sẹ̀ yìí.